Ẹ bi wá dáadáa kí ẹ tó ka èrò tíréènì Lekki

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ Green Line, tíréènì tí wọ́n ní ó máa gba Marina lọ sí Lekki Free Zone, ni mo fẹ́ sọ.

Badore ní Ajah ni mò ń gbé, Balógun ni mo ti ń ta aṣọ. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó gbé táblẹ́ẹ̀tì dání dá mi dúró ní bọ́sítọ́ọ̀bù, ó ní mà, tí tíréènì bá dé ṣé ẹ máa wọ̀ ọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tẹ̀ ẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ta ló máa dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ajah tó máa ní òun ò ní wọ tíréènì? Kò béèrè iye tápá mi ká, kò béèrè ẹrù tí mò ń gbé, kò béèrè ìgbà tí mò ń padà sílé.

Iye èèyàn tí wọ́n bá sì kọ sílẹ̀ pé ó máa wọ tíréènì yẹn ni wọ́n máa fi mọ iye kọ́ọ̀ṣì tí wọ́n máa rà àti bí ibùdókọ̀ ṣe máa tóbi tó. Tó bá pọ̀ jù, ìjọba á máa sanwó lórí àga òfìfo, tó bá kéré jù, a ó máa gun ara wa lórí.

Ẹ wo èmi nìkan: mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá jáde ní Badore, mo wọ danfó láti Ajah dé Ọbalẹ́ndé, mo tún wọ òmíràn dé Ìdúmọ̀tà kí n tó fẹsẹ̀ rìn wọ Balógun. Ẹni tó bá ń ka èrò ní bọ́sítọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan á kà mí lẹ́ẹ̀mẹta, bẹ́ẹ̀ èèyàn kan ṣoṣo ni mí! Àwọn kan sì wà tí kò ní rí kà rárá. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó ló ń sùn láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè nítorí ọ̀nà. Àwọn ìyá kan ládùúgbò wa ò tiẹ̀ wá sọ́jà Island mọ́ látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 tówó ọkọ̀ fi fò sókè. Tí tíréènì bá dé tówó rẹ̀ ò ga, gbogbo wọn á jáde, ṣùgbọ́n wọn ò sí lójú títì báyìí.

Kí wọ́n má sì lọ kà á nínú oṣù August táwọn ọmọ wà ní họ́lídè, ọ̀nà máa ń fúyẹ́ nígbà yẹn.

Ẹ wo tíréènì Èkó méjì tó ti ń ṣiṣẹ́: Blue Line ti ń gbé èrò láti September 2023, Red Line láti October 2024, káàdì Cowry làwọn èèyàn sì fi ń wọlé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ohun tí káàdì yẹn sọ wé iye tí wọ́n rò tẹ́lẹ̀, kí wọ́n wá dúró lẹ́nu géètì ibùdókọ̀ Blue Line ní Mile 2 béèrè lọ́wọ́ èrò pé nílé wo lẹ ti jáde, èló lẹ san dé ibí. Káàdì ò lè sọ ìyẹn.

Tí wọ́n bá tún ń bọ̀ ní Ajah, kí wọ́n tètè dé, aago márùn-ún ìdájí la ti máa ń wà lórí ìlà.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ, Badore, Ajah.