Ijó tí mo jó ní Ṣíkágò àti òrùlé Màmá

Ṣíkágò, oṣù kẹjọ

Bọ̀dá mi,

Okun o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ṣé ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà lálàáfíà? Èmi náà wà, ara le, iṣẹ́ ń lọ. Ẹ má bínú pé lẹ́tà ni mo jókòó kọ. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ojú gbogbo ẹbí lẹ sọ ọ́ sí lórí WhatsApp, títí kan àwọn àna Àǹtí Yẹ́misí tí n kò rí sójú rí. Bí mo bá fèsì níbẹ̀, ìjà ni yóò dà, èmi kò sì fẹ́ bá ẹ̀gbọ́n mi jà lójú àna.

Ẹ ní mo sọ pé kò sówó òrùlé Màmá, ẹ wá rí mi nínú fídíò tí mò ń jó nígboro Amẹ́ríkà. Ẹ ní èmi ń jó, ilé ń jò. Ó dùn létí, mo gbà fún yín, mo sì rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rín sí i lábẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, èló lẹ rò pé mo fi jó ijó yẹn?

Kọ́bọ̀ kò kúrò lápò mi. Ọ̀fẹ́ ni.

Ibi tí ẹ rí yẹn kì í ṣe kíláàbù, kì í ṣe ilé ọtí, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí sí òde ìnáwó. Ọgbà ìlú ni. Grant Park ni wọ́n ń pè é, ó wà láàárín títì Michigan Avenue àti adágún omi Michigan, adágún tó jẹ́ pé bí èèyàn bá dúró létí rẹ̀, ojú kò ní ká òdìkejì. Láti 1997 ni ẹ̀ka ìjọba ìlú tó ń rí sí àṣà ti ń ṣe ètò ijó kan nínú ọgbà yẹn nígbà ooru, SummerDance lorúkọ rẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ojú ijó sílẹ̀ ní gbangba. Olùkọ́ ijó á kọ́kọ́ fi wákàtí kan kọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́, lẹ́yìn náà ni àwọn olórin á gun orí pèpéle, ijó gidi á wá bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́, ọ̀fẹ́. Olórin, ọ̀fẹ́. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀, ọ̀fẹ́. Ọmọdé ń jó níbẹ̀, arúgbó ń jó níbẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n jó rárá ló sì pọ̀ jù.

Ẹ máa ní ta ló ń sanwó nígbà náà. Èmi náà bèèrè kí n tó gbé ẹsẹ̀ síbẹ̀, torí ìlú yìí, wọ́n lè bá èèyàn rẹ́rìn-ín lónìí kí bíìlì dé sílé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Owó orí ni. Lára owó orí tí ìlú ń gbà lórí yàrá òtẹ́ẹ̀lì ni ẹ̀ka àṣà yìí ti ń rí owó ná. Ìyẹn ni pé àlejò tó wá sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Ṣíkágò ló san owó ìlù tí mo jó sí. Kì í ṣe owó páànù Màmá.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Káàdì tí mo fi ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ síbi iṣẹ́ náà ni mo fi lọ, mo ti san án tẹ́lẹ̀. Oúnjẹ ńkọ́? Mo di mọ́ínmọ́ín dání látilé. Aṣọ tuntun tí ìyàwó yín ní mo rà sọ́rùn ńkọ́? Bọ̀dá, ẹ tún fídíò yẹn wò dáadáa. Aṣọ òkú Bàbá ni. Ańkárá tí gbogbo wa jọ rà fún ìsìnkú, tí ẹ̀yin náà ní tiyín nínú àpótí, òun ni mo ní kí wọ́n bá mi gé kúrú, torí ooru. Ẹ kò dá a mọ̀, ẹ ti ń bú mi.

Ẹ tún bèèrè ta ni ọkùnrin tó di ọwọ́ mi mú. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Mi ò parọ́. Olùkọ́ ló ń ní ká máa pààrọ̀ ẹni tí a jọ ń jó, bí ó bá ti pàtẹ́wọ́, kálukú á sún sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Baba yẹn ju Bàbá wa lọ lọ́jọ́ orí, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń bá ọmọdékùnrin kan jó. Salsa la kọ́kọ́ kọ́. Obìnrin olùkọ́ ń kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹsẹ̀ dúró lórí ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, kí ó tún dúró lórí ẹ̀jọ. Orí ẹ̀rin yẹn ni èmi ti ń ṣì í, mo ń gbé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ní ká dúró, mo fi tẹ baba yẹn lẹ́sẹ̀ tó fi ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí ẹ rí tí ẹ ń pè ní ìgbádùn nìyẹn.

Ẹni tó sì gé fídíò yẹn kò ṣe dáadáa. Ọ̀rẹ́ mi ará Ẹkìnrìn-Àdé ló yà á, ó gùn, gbogbo ẹ̀kọ́ àti àṣìṣe wà níbẹ̀. Èyí tó dé ọ̀dọ̀ yín, ibi tí mo ti ń ju ọwọ́ sókè nìkan ló kù nínú rẹ̀. Ṣé Fúnmi ni? Ẹ kò ní sọ fún mi, mo mọ̀.

Ẹ bá mi sọ fún pásítọ̀ pé kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Àwọn èèyàn dúdú Ṣíkágò ní ijó kan tí wọ́n ń pè ní steppin'. Ọkùnrin àti obìnrin á di ọwọ́ mú, wọn kò ní fò, wọn kò ní gbọn ìdí, wọ́n á kàn máa yọ́ ẹsẹ̀ lọ yọ́ ẹsẹ̀ bọ̀, bí ìjòyè tó ń wọ ààfin. Mo rí baba kan tí fìlà rẹ̀ bá bàtà rẹ̀ mu, pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó rẹ̀ ń yí lábẹ́ apá rẹ̀ bí ó ṣe fẹ́. Mo dúró wò wọ́n títí orin fi yí padà. Ìyẹn kò sí nínú fídíò yín.

Màmá fúnra rẹ̀ ti wo ohun tí ẹ ń bínú sí. Ó pè mí, kò bèèrè owó, kò sọ̀rọ̀ òrùlé. Ó ní kí ló dé tí ẹsẹ̀ mi wúwo báyẹn, pé ṣé mo ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹsẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ìlù bá sọ̀rọ̀. Mo ní bàtà iṣẹ́ ni mo wọ̀. Ó ní kí n bọ́ ọ nígbà mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, kí ẹ má sì gbà á sí ìbínú. Gbogbo ìgbà tí mo fi wà nínú ọgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lẹ owó mọ́ ẹnikẹ́ni níwájú orí. Kò sẹ́ni tó bèèrè irú aṣọ tí ẹgbẹ́ mi ń wọ̀. Kò sí àpótí, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí kò tíì san sí. Ẹ gbọ́ pé mo lọ jó, ọkàn yín lọ tààrà sí owó, n kò sì dá yín lẹ́bi, torí lọ́dọ̀ wa ni ijó ti ń jẹ owó. Ẹ wo Ọjọ́ Ògìdì, ọdún ìlú wa ní Kogí. Ọdún iṣu tuntun, nínú oṣù kẹfà, ẹni tó bá wá láti Kábbà, láti Lọ́kọ́ja, láti Àbújá, àwọn òyìnbó tó bá yà wo ilé ọnà Mama Nike Okundaye, oníṣẹ́ ọnà àdìrẹ, wọn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wòran. Ìran ọ̀fẹ́ ni fún wọn. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń jó ńkọ́? Aṣọ ẹgbẹ́, gèlè, fìlà, owó onílù, owó ẹran, oúnjẹ àwọn tó máa yà sílé lẹ́yìn ìran. Ní Ṣíkágò, àlejò ló ń san, ọmọ ìlú ń jó. Nílé, ọmọ ìlú ló ń san, àlejò ń wòran.

N kò ní kí ẹ má ṣe é o. Ìlú wa ni, ọdún wa ni, èmi náà dá tèmi nígbà tí wọ́n ní kí àwa ará òkèèrè dá. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tí ijó ń ná lówó láàárín èmi àti ẹ̀yin.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ òrùlé.

Nínú oṣù kẹta ni mo fi dọ́là 300 ránṣẹ́, kí òjò tó dé. Ẹ ní ó dé. Nígbà tí mo bèèrè nínú oṣù karùn-ún, ẹ ní páànù ti gbówó lórí. Mo ní ó dáa, ẹ ra èyí tó bá ṣe é rà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti apá ibi tí Màmá ń sùn. Nínú oṣù keje, ẹ ní kápẹ́ńtà ti lọ ṣiṣẹ́ ní Ọbájánà, kò tíì padà. Ẹ wá fi fọ́tò ránṣẹ́ kí n lè rí bí ó ṣe burú tó. Mo rí i. Mo rí tápólì búlúù tí wọ́n fi táyà àtijọ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀ lókè. Mo tún rí okùn aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, léèsì aláwọ̀ ewé méjì wà lórí rẹ̀, ọ̀kan ti ọkùnrin, ọ̀kan ti obìnrin. Léèsì yẹn náà ni ẹ̀yin àti ìyàwó yín wọ̀ nínú fọ́tò Ọjọ́ Ògìdì tí ẹgbẹ́ yín gbé sórí Facebook.

Èló ni léèsì yẹn, Bọ̀dá?

N kò fẹ̀sùn kàn yín. Ìbéèrè lásán ni. Ó lè jẹ́ pé owó iṣẹ́ yín lẹ fi rà á, ó sì yẹ yín, ẹ wà nínú ẹgbẹ́, ẹ kò lè dá yàtọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún mi, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ẹni tí a fún ní owó páànù ló yẹ kí a bi níbi tí páànù wà, kì í ṣe ẹni tó fi owó ránṣẹ́.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ òfì Màmá. Òun ló sọ fún mi, kì í ṣe ẹ̀yin. Ó ní ibi tí òjò ń gbà wọlé jẹ́ ọ̀gangan ibi tí òfì rẹ̀ fara ti ògiri, omi kán sórí òwú tó ti ta sílẹ̀, àwọ̀ pupa sì ṣí mọ́ funfun, ó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ó ti gbé igi òfì sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, kò sì rí ìmọ́lẹ̀ hun aṣọ níbẹ̀ lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé aṣọ yẹn ló fi ń ra ohun tó wù ú láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣé ẹ ti wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn wò?

Owó wà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe owó ijó. Iṣẹ́ òru ni mo fi kún iṣẹ́ ọ̀sán, mò ń tọ́jú baba arúgbó kan tí kì í sùn, tó jẹ́ pé bí mo bá jókòó ló ń pè mí. Òtútù ń bọ̀, owó gáàsì tí a fi ń mú ilé gbóná kò ní pẹ́ dé, nítorí náà mo fẹ́ kí èyí ti kúrò lọ́wọ́ mi kó tó di oṣù kẹwàá. Mo ní dọ́là 250 nílẹ̀. Yóò kù díẹ̀, mo mọ̀, ìyókù á tẹ̀ lé e.

Àmọ́ n kò ní fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín. Mo fọkàn tán yín, ẹ̀yin lẹ wà nídìí Màmá tọ̀sán tòru, ẹ̀yin lẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò yá, n kò gbàgbé. Mo kàn fẹ́ kí ó rọrùn ni. Ẹ bá mi gba nọ́ńbà àkáǹtì ẹni tó ń ta páànù ní Kábbà, èmi á san án fún un tààrà, òun á kó ẹrù wá sí Ògìdì. Kí ó kọ iye bọ́ńdù àti iye ìṣó sínú rìsíìtì, kí ẹ yà á ránṣẹ́. Owó oògùn Màmá ti lọ sọ́dọ̀ Fúnmi, ẹ má da ìyẹn pọ̀ mọ́ èyí.

Ti kápẹ́ńtà ló kù. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá tíì dé láti Ọbájánà, ẹ wá ẹlòmíràn, Ìyàrá kò jìnnà. Ẹ ní kó gun òkè lọ wọn òrùlé náà fúnra rẹ̀ kó tó pe iye, kí ó má dúró nílẹ̀ fojú wọ̀n ọ́n. Apá ibi òfì ni kó kọ́kọ́ bò.

Àbúrò yín,
Bọ́sẹ̀