Ta ló ń sanwó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi dandan kọ́ àwọn ọmọ wa?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn mí tipẹ́. Ó ti di àṣà báyìí, bí àwa òbí bá ti pé jọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ìyẹn iléèwé girama, ẹnì kan á dìde, á ní kí ìjọba fi kún Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ, pé Nàìjíríà ló múlé gbè wá, pé gbogbo ayé ló ń sọ ọ́. Gbogbo ilé á sì pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹni tó ń béèrè iye tó máa ná wa. Oníṣòwò àgbàdo ni mí ní Kétu, nílẹ̀ Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, mi ò kì í ra ọjà láì béèrè iye rẹ̀.

Ọmọ Kétu tó bá wọ iléèwé lónìí, Faransé ló máa kọ́kọ́ bá pàdé, torí òun ni òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1990 pè ní èdè ìjọba. Kò tíì gbọ́ ìyẹn dáadáa tó fi máa dé sísíyẹ̀mù, ọdún àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ibẹ̀ ni wọn á ti gbé Gẹ̀ẹ́sì lé e lórí. Dandan ni. Ọdún méje gbáko, láti sísíyẹ̀mù dé tẹminálì tó jẹ́ ọdún ìkẹyìn, kò sí ẹni tó máa bi í bóyá ó fẹ́. Ó wà nínú BEPC, ìdánwò ọdún kẹrin, ó wà nínú BAC, ìdánwò àṣejáde.

Láìpẹ́ yìí, mo ṣí ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wò. Gẹ̀ẹ́sì wà lápá òsì, Faransé tí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀ wà lápá ọ̀tún. Lábẹ́ Faransé yẹn ni ọmọ náà fi pẹ́ńsùlù kọ Yorùbá wínníwínní sí, bó ṣe ń dún sí i létí, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ pẹ́ńsùlù. Ó ní kí òun lè rí i pa rẹ́ kí olùkọ́ tó gbàwé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ń ṣiṣẹ́ èdè mẹ́ta pọ̀ lórí ojú ewé kan, èyí tó sì gbọ́ yé jù nínú wọn ni wọn ò gbọdọ̀ rí.

Ẹ jẹ́ ká wá ṣírò. Owó tó kọ́kọ́ ń jáde ni ti olùkọ́ ilé. Bó bá jẹ́ Faransé tàbí ìṣirò, ẹ̀gbọ́n ọmọ tàbí ará ilé kan lè ràn án lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ńkọ́? Nínú agboolé tí mò ń gbé, kò sí ẹnì kan tó lè ka ojú ewé kan níbẹ̀. Obìnrin tó ń dín àkàrà ní iwájú ilé wa ń san 5,000 sefa lóṣù fún olùkọ́ tó ń wá kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Láti oṣù kìíní ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù tí òfin gbà kí wọ́n san fún òṣìṣẹ́ lórílẹ̀-èdè wa jẹ́ 52,000 sefa. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ yẹn, bẹ́ẹ̀ alákàrà ò sí lára àwọn tí ẹnikẹ́ni ń san owó oṣù fún. Ẹ ṣì máa fi owó ìwé kún un, àti ti fọtokópì tí olùkọ́ máa ń ní kí wọ́n ṣe wá, àti ti ìwé atúmọ̀ èdè.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Owó olùkọ́ ilé kéré sí ti ọmọ tó bá tún kíláàsì ṣe. Mo mọ àwọn ọmọ tí orí wọn pé nínú ìṣirò, tí Gẹ̀ẹ́sì ń fà sẹ́yìn títí tí máàkì wọn ò fi ní pé. Ọdún kan mìíràn nìyẹn: owó iléèwé, aṣọ kakí, owó oúnjẹ ojoojúmọ́, àti gbogbo ohun tí ọmọ náà ì bá ti máa ṣe lọ́dún tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá wá jẹ́ ọmọbìnrin, tó sì tún kíláàsì ṣe lẹ́ẹ̀kejì, bàbá rẹ̀ á ní ó tó, kó lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Mi ò sọ pé iṣẹ́ aṣọ rírán ò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọmọ tí ìbá di nọ́ọ̀sì ló jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, nítorí èdè tí kò ní fi bá aláìsàn kankan sọ̀rọ̀ ní Kétu.

Wọ́n á ní torí òwò ni. Òwò wo? Ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jókòó tí wọ́n la ilẹ̀ Kétu sí méjì, tí Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́hùn-ún ní Nàìjíríà, tí àwa kù síbí. Láti ìgbà náà dòní, Yorùbá là ń fi ná ọjà. Àwọn tó ń gba Ìlárá lẹ́nubodè wọlé wá ra àgbàdo lọ́wọ́ mi, Yorùbá ni wọ́n fi ń kí mi, òun náà la fi ń ṣẹ́ náírà sí sefa, òun la fi ń dá àdéhùn, kódà bí ìjà bá dé, òun la fi ń bú ara wa. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù kejìlá ọdún 2020, Gẹ̀ẹ́sì kò mú àpò àgbàdo kan kọjá. Ẹni tó gbọ́ ọ bí ẹni mumi àti ẹni tí kò gbọ́ ẹyọ kan, kòkòrò ló jọ ń jẹ ọjà àwọn méjèèjì nínú yàrá ìkẹ́rùsí. Ohun tó ń pa àwa oníṣòwò lára gan-an ni pé púpọ̀ nínú wa ò lè ṣe àkọsílẹ̀ gbèsè àti èrè ní èdèkédè.

Bí owó bá ń jáde lọ́wọ́ ẹnì kan, ó ní ọwọ́ tó ń bọ́ sí. Ní ọdún 2005, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, François Grin, ti yunifásítì Geneva, ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ìjọba Faransé. Ó ṣírò pé ó kéré tán, bílíọ̀nù mẹ́wàá owó yúrò ló ń bọ́ sọ́wọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dọọdún nítorí pé àwọn ará Yúróòpù yòókù ń kọ́ èdè wọn. Wọ́n ń ta ìwé, wọ́n ń ta ìdánwò, àwọn àjèjì ń wá kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ wọn, àwọn ọmọ tiwọn sì ń fi wákàtí tí àwọn ọmọ mìíràn fi ń há Gẹ̀ẹ́sì sórí kọ́ nǹkan mìíràn. Àwọn ọlọ́rọ̀ Yúróòpù ló ń san ìyẹn o. Tí ó bá ni wọ́n lára, ẹ wo alákàrà Kétu.

Ti wákàtí yẹn ló tiẹ̀ ká mi lára jù. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí àwọn ọmọ ibẹ̀ jókòó ọ̀pọ̀ oṣù láìrí olùkọ́ ìṣirò, ṣùgbọ́n wákàtí Gẹ̀ẹ́sì ò yẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọgbà ní Kétu níbí, a ń wò ó lójú. Ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ló máa gbé ọmọ wa débẹ̀.

Mi ò bá Gẹ̀ẹ́sì jà. Ọmọ tó bá fẹ́ lọ kàwé ní Ìbàdàn, tàbí tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kó kọ́ ọ, kí wọ́n sì fún un ní olùkọ́ tó dáńtọ́. Àwọn olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì wa ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣe é nínú ìnira, nínú kíláàsì tí ọmọ tó ju àádọ́ta lọ há sí. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láti ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn tó kù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta, àwọn tó dúró sórí Yorùbá ló ṣe dáadáa jù, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ṣe èyí, ibẹ̀ ò sì jìn sí wa.

Ohun tí mò ń tọrọ ni pé kí Gẹ̀ẹ́sì di ẹ̀kọ́ àṣàyàn lẹ́yìn ọdún méjì àkọ́kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí máàkì rẹ̀ má lè dá ọmọ dúró níbi BEPC mọ́, kí wọ́n sì fi díẹ̀ nínú wákàtí yẹn kọ́ àwọn ọmọ ní kíkọ àti kíkà Yorùbá, pẹ̀lú ìṣirò owó. Kó tó di ìgbà yẹn, mo bẹ àwọn aṣojú ẹkùn wa nílé aṣòfin ní Àjàṣẹ́ kí wọ́n bi mínísítà tọ́rọ̀ kàn: èló ni ìjọba ń ná lórí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún, ọmọ mélòó ló ń tún kíláàsì ṣe nítorí rẹ̀, mélòó nínú àwọn tó sì yege ló ń lò ó lẹ́nu iṣẹ́? Kí wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde kí iléèwé tó wọlé lóṣù kẹsàn-án, ní Faransé àti ní Yorùbá, kí àwa tá à ń sanwó lè rí i kà.

Èmi ni tiyín,
Ìyálọ́jà kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín,
Kétu.