Kóró awùsá kì í ṣe ohun à-sá-gbẹ

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ọ̀rọ̀ awùsá, tí àwọn mìíràn ń pè ní asálà, ni mo fẹ́ bá ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ sọ. Láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣágámù, orí igi obì gbàǹja ni ìtàkùn yìí sábà máa ń gùn. Wọ́n ń gé obì láti fi ilẹ̀ kọ́lé, awùsá náà sì ń parun pẹ̀lú rẹ̀. Ó dùn mí pé àwọn tó fẹ́ gbin òmíràn kì í sábà rí i kó hù.

Ara kóró ni ìṣòro ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lè sá àgbàdo gbẹ, kí ẹ fi í pamọ́ de òjò ọdún tó ń bọ̀. Awùsá kò gba bẹ́ẹ̀. Omi inú kóró ló gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró, bó bá ti gbẹ, ó kú nìyẹn. Èyí tí ẹ ṣà ní oṣù Kẹjọ tí ẹ wá gbìn ní oṣù Kẹrin kò ní hù, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó. Ìgbà tí èso bá ń já bọ́, láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án, ni kí ẹ gbìn ín, kó má ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn tí ẹ ṣà á. Ẹ mú èyí tó já fúnra rẹ̀, tí èèpo kóró rẹ̀ ti dúdú. Èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì funfun kò tíì gbó. Bí ẹ bá mì ín tí ó ń ró nínú èèpo, ó ti gbẹ, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ bọ́ ara èso kúrò, kí ẹ rì í sínú ọ̀rá tí ilẹ̀dú wà, ìnṣì 1 sí 2, lábẹ́ ìbòòji. Ẹ lu ìdí ọ̀rá náà, torí bí omi bá dúró síbẹ̀, kóró á rà. Ẹ fi wáyà bò ó pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èkúté àti ọ̀kẹ́rẹ́ á hú u jẹ. Ó ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 5. Ẹ tọ́jú rẹ̀ di ìgbà òjò ọdún kejì, kí ẹ ya àwọn ọ̀rá náà síra kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ ara wọn.

Igi tí yóò gùn wá ńkọ́? Ẹ má gbìn ín sídìí kòkó, ẹ má sì gbìn ín sídìí obì kékeré. Ewé rẹ̀ á bo orí igi náà, oòrùn ò ní kàn án mọ́, igi náà ò sì ní so. Bí òjò bá tún rin ìtàkùn náà tí ìjì dé, ẹ̀ka á ya. Obì àgbà tó nípọn ló lè gbé e. Ẹni tí kò bá ní obì, kó gé ẹ̀ka ìyeyè tó nípọn tó apá, ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 10, kó rì í mọ́lẹ̀ lásìkò òjò ní ọdún kan ṣáájú. Ìyeyè kì í pẹ́ ta gbòǹgbò. Ìtàkùn kan fún igi kan ti tó. Ẹ gbìn ín ní ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ìdí igi, kí ẹ fi ọ̀pá dágẹ̀rẹ́ fà á dé ara rẹ̀. Ilẹ̀ àkùrọ̀ kò bá a lára mu.

Ẹ má fa ìtàkùn láti ká èso. Ẹ ro abẹ́ rẹ̀ mọ́, kí ẹ máa ṣà á lójoojúmọ́. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá, torí ooru á mú kó bu. Ẹ tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí ibòòji títí ẹ ó fi sè é tàbí tà á. Ẹ sè é tèèpo-tèèpo fún wákàtí kan ó kéré tán. Òróró inú rẹ̀ pọ̀, afẹ́fẹ́ sì tètè ń bà á jẹ́, ìdí nìyí tí èyí tí a ti pa kò fi ṣeé tọ́jú pẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn tó ń ta ọ̀gbìn obì àti kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó àti agbègbè rẹ̀ ni pé kí wọ́n fi ọ̀gbìn awùsá kún ọjà wọn. Nígbà tí òjò oṣù Kẹrin bá dé, kò sí kóró tútù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ọ̀gbìn tó ti dàgbà nínú ọ̀rá nìkan ni àgbẹ̀ lè rí rà.

Àgbẹ̀ kan,
Òde Rẹ́mọ.