Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí owó akàn

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìfaradà.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ìgbà tí akàn kan ti kúrò ní 800 náírà tó di 1,200 ni fídíò kan náà ti ń wọ orí fóònù mi: akàn rẹpẹtẹ ní Ítálì, wọ́n ń kó o dànù. Oníbàárà kan kọ ọ́ sí mi pé, "Akàn ń ṣòfò níbẹ̀, ẹ̀yin ń fi tiyín yàn wá jẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ akínyẹmí ara.

Akàn inú fídíò yẹn kì í ṣe ọmọ Ítálì. Etíkun Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, Callinectes sapidus ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Wọ́n ní ó jọ pé inú omi tí ọkọ̀ òkun ńlá ń rù sínú kó má baà máa fì ló bá dé ọ̀hún. Abo kan lè yé ẹyin mílíọ̀nù méjì lẹ́ẹ̀kan. Lọ́dún 2023, ó ya bo ibi tí odò Po ti wọ òkun ní Ítálì, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ fọ́ ìkarahun tí àwọn ará ibẹ̀ ń sìn tà, ó ń jẹ ẹran inú rẹ̀, ó sì ń fa àwọ̀n ya. Ìjọba wọn ya mílíọ̀nù 2.9 owó yúrò sọ́tọ̀ láti gbógun tì í. Ẹkún ni fídíò yẹn o. Ẹni tẹ́ ẹ rí tó ń kó akàn dànù, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló bà jẹ́ yẹn.

Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni akàn ọ̀sà tiwa, àmọ́ tiwa kò kún ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbókòdá, létí omi ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, la ti ń kó o. Àlejò tó ń dà wá láàmú níbẹ̀ ni ewéko tó ń léfòó lórí omi, tí òun náà ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tó wọ omi Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1984. Ó ń dí ọ̀nà ọkọ̀, ó ń wé mọ́ ẹ́ńjìnì, epo sì ń jóná lásán. Akàn á pẹ́ lójú omi, á tún pẹ́ lójú títì. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo tú apẹ̀rẹ̀ tó ní 40. Mọ́kànlá ti kú, kò sí ìfófòó lẹ́nu wọn mọ́. Mo dà wọ́n nù. Ohun tó gbé owó akàn sókè nìyẹn. Ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń ta akàn, n kò ta òkú rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí.

A ti ń wá ẹlòmíì tí yóò máa kó o wá. Ènì kò sì kúrò: ẹni tó bá ra mẹ́wàá á gba kan.

Ẹ bá mi ná an, mo fara mọ́ ọn. Ẹ ṣáà má fi akàn Ítálì ná tèmi mọ́, ẹ jọ̀ọ́.

Alákàn yín,
Ọjà Ọba, Àkúrẹ́