Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa: ìdí tí a ó fi máa ṣílẹ̀kùn láti Ọjọ́bọ̀ sí Ọjọ́ Àìkú

Àgbádárìgì, oṣù kìíní ọdún 2021

Ẹ̀yin oníbàárà wa, ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.

Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, Ọjọ́bọ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ilé oúnjẹ wa àti àwọn yàrá àlejò tó wà lókè rẹ̀ yóò máa ṣí. Abọ́ ìrẹsì àgbọn pẹ̀lú ẹja tí ẹ ń jẹ ní 800 náírà ti di 1,000. Ó yẹ kí ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu wa.

Ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, láàárín Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba àpapọ̀ tì í, oṣù kejìlá tó kọjá yìí ni wọ́n tó ṣí i. Àwọn tó ń lọ Kútọnu, àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, tí wọ́n máa ń yà jẹun lọ́dọ̀ wa, a ò rí wọn mọ́. Ká tó mí, kòrónà dé, ilé ìwé tì. Àwọn ọmọ ilé ìwé sì ni òpó ìṣòwò àlejò nílùú yìí. Bọ́ọ̀sì á kó wọn dé láti Èkó, wọn á wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà tí wọ́n parí ní 1845, wọn á rí ilé Sẹ́ríkì Abass, oníṣòwò ẹrú ayé àtijọ́, tó ní yàrá 40 tí wọ́n máa ń kó ẹrú sí nígbà náà, wọn á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àrèmábọ̀ ní Gbẹ́rẹ̀fú, etí òkun tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ láìpadà. Kí wọ́n tó padà dé, ebi á ti máa pa wọ́n. Ẹni tó ń tukọ̀, ẹni tó ń mú wọn yíká, ìyá tó ń ta gúrúdì, àti àwa tó ń se oúnjẹ, ara àlejò kan náà ni gbogbo wa ti ń jẹun.

Lóṣù kọkànlá ni NBS, àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, gbé ìṣirò jáde tó fi hàn pé ọrọ̀ ajé ilẹ̀ wa tún ti dẹnu kọlẹ̀, ìgbà kejì láàárín ọdún márùn-ún. Ṣáájú ìyẹn, wọ́n ti sọ pé nínú ọ̀dọ́ 100, nǹkan bí 35 ni kò níṣẹ́. Ẹ wá sí etí ọ̀sà wa láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ ó rí wọn.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé kò sí ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe sí i. Mi ò gbà. Òótọ́ ni pé wọn kò lè tún ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì ṣe, wọn kò sì láṣẹ lórí ẹnubodè. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọjà, gáréèjì, gọ́tà, kíkó ìdọ̀tí àti ilé oúnjẹ bíi tiwa sí ìkáwọ́ wọn. Àwọn nǹkan tí àlejò kọ́kọ́ ń rí nìyẹn.

Oṣù yìí náà ni ètò iṣẹ́ 774,000 ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀: ènìyàn 1,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 20,000 náírà lóṣù fún ẹni kọ̀ọ̀kan, oṣù mẹ́ta. Inú mi dùn sí i. 60 mílíọ̀nù náírà nìyẹn tí yóò wọ ọwọ́ àwọn ará ìlú, inú ọjà ni wọn yóò sì ti ná an. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbálẹ̀ nìkan la gbé lé àwọn ọmọ náà lọ́wọ́, tí oṣù kẹrin bá dé, ilé ni wọ́n ń padà sí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ìjọba ìbílẹ̀ mú nínú wọn, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìtàn ìlú yìí dáadáa, kí wọ́n kọ́ wọn bí a ṣe ń dá ẹ̀mí ẹni tó bá ṣubú sómi sí, kí wọ́n fún wọn ní káàdì ìdánimọ̀, kí wọ́n fi wọ́n ṣe amọ̀nà àlejò ní Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, àti létí omi. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá padà dé, iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Ti owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwa oníṣòwò ńkọ́? Ó yẹ kí wọ́n dá a dúró ná títí àlejò yóò fi padà. Lẹ́yìn ìyẹn, kó di ìwé kan ṣoṣo lọ́dún, kí ẹni tó bá ti san mọ̀ pé òun ti san. Owó tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ ẹni tí kò tà, inú owó oṣù òṣìṣẹ́ ló ti ń jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, a kò lé ẹnikẹ́ni. Àwọn òṣìṣẹ́ wa ni yóò pín ọjọ́ mẹ́rin náà láàárín ara wọn, ìdí sì nìyẹn tí a fi dín ọjọ́ kù dípò ènìyàn. Owó abọ́ ní tirẹ̀, ìrẹsì àti epo bẹtiróò tí a ń bù sí jẹnẹrétọ̀ ló gbé e sókè. Owó orí ọjà (VAT) tí ìjọba sọ di 7.5 nínú 100 ní oṣù kejì ọdún 2020 náà wà níbẹ̀.

Ilé ìwé tó bá sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, 800 náírà náà ni a ó gbà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bákan náà, àwa, àwọn atukọ̀ àti àwọn onígúrúdì ń kọ lẹ́tà sí alága ìjọba ìbílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ amọ̀nà àti tíkẹ́ẹ̀tì yìí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lórí káńtà wa, ẹni tó bá fara mọ́ ọn lè fọwọ́ sí i títí di òpin oṣù yìí.

Ẹ ṣeun.

Ìyá olóúnjẹ yín ní Marina