Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Àwa Aránṣọ Lórí Owó Ṣọ́ọ̀bù Tí Ìjọba Ìbílẹ̀ Fẹ́ Fi Kún

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Àwa aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù wa wà ní àdúgbò yìí la kọ ìwé yìí sí yín, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́.

Nínú ìwé tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, ẹ ní owó ọdọọdún tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ń san yóò lọ sókè, nítorí pé owó tó ń wọlé fún ará àdúgbò yìí ti pọ̀ sí i. A ò bá yín jiyàn lórí ìṣirò. Àwọn tí ìṣirò náà kà mọ́ wa la ní kí ẹ tún wò.

Ẹ jẹ́ ká ní ìdílé 10 ló wà ní òpópónà kan, tí 100 ń wọlé fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lóṣù. Owó ilé lé ìdílé 3 jáde, ìdílé 3 mìíràn tí 500 ń wọlé fún sì kó débẹ̀. Bí ẹ bá da owó gbogbo wọn pọ̀, tí ẹ pín in sọ́nà 10, 220 ló máa kan ìdílé kọ̀ọ̀kan. Lórí ìwé, owó ti lé ní ìlọ́po méjì. Àmọ́ ìdílé 7 tó kù, 100 àtijọ́ náà ni wọ́n ṣì ń rí. Bí ẹ bá sì tò wọ́n, láti ẹni tówó rẹ̀ kéré jù dé ẹni tówó rẹ̀ pọ̀ jù, tí ẹ wá wo ẹni tó bọ́ sáàárín, 100 lẹ máa bá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa wà lára àwọn 7 yẹn.

Ìwé ìwọ̀n wa ni ẹlẹ́rìí wa. Kò sí aránṣọ tí kò ní in: orúkọ oníbàárà, èjìká, àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ gbé tirẹ̀ wá sípàdé, ó ṣí i sójú ewé ìdílé kan, bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin. Lọ́dọọdún ló ń fa igi lé gígùn ṣòkòtò àwọn ọmọ náà, tó sì ń kọ èyí tó gùn jù ú lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, ìlà tuntun ò wọ ibẹ̀ mọ́. Wọ́n ti kó lọ. Ìdílé mẹ́ta ló ń gbé ilé yẹn tẹ́lẹ̀. Wọ́n wó ògiri àárín àwọn yàrá, tọkọtaya kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ báyìí. Bí owó ṣe ń pọ̀ lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ ni èèyàn ń dín kù, pàápàá ọmọdé, àwọn tí aṣọ kì í pẹ́ kéré mọ́ lára.

A ò bínú sí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn kì í sì í jẹ wá ní gbèsè (a ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àwọn tó lọ). Ṣùgbọ́n aṣọ rírà ni wọ́n ń wọ̀. Ohun tí wọ́n ń gbé wá fún wa ni ṣòkòtò tó gùn jù àti síìpù tó bàjẹ́. Owó ẹsẹ̀ ṣòkòtò kíká kò lè bọ́ ọmọ iṣẹ́. Onílé ní tirẹ̀ ti rí irú èèyàn tó ń wọ àdúgbò, ó sì ti fowó kún ṣọ́ọ̀bù kí ẹ̀yin náà tó fi tiyín kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1964, Ruth Glass, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ nípa irú rẹ̀ ní London: bí àwọn tó lówó ju òṣìṣẹ́ lọ ṣe ń wọ àdúgbò òṣìṣẹ́, tí kì í sì í dúró mọ́ bó bá ti bẹ̀rẹ̀, títí tí púpọ̀ nínú àwọn tó ti ń gbébẹ̀ á fi kó tán.

Ẹ̀bẹ̀ wa ni pé kí ẹ dá àfikún tọdún yìí dúró ná. Kí ẹ ka àwọn tó ti ń gbé ibí tipẹ́ lọ́tọ̀, kí ẹ ka àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ́tọ̀, kí ẹ sì fi ohun tó ń wọlé fún ṣọ́ọ̀bù gan-an díwọ̀n owó tó máa san. Èyí tó jẹ wá lógún jù lọ ni ìwé àdéhùn. Ọdún kan ṣoṣo ni onílé ń fún wa lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ Faransé, àdéhùn ṣọ́ọ̀bù kì í sábà dín ní ọdún 9, ayálégbé sì lè kúrò ṣáájú, ní ìparí ọdún 3 kọ̀ọ̀kan, bó bá wù ú. A ò ní kó tó 9. Ọdún 5 á tó ọmọ iṣẹ́ kọ́ṣẹ́ parí lójú kan náà. Ẹnikẹ́ni tó bá wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ yín láti tún ilé kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àdéhùn ọdún 5 yìí sínú àṣẹ náà.

Bí ẹ bá dá ọjọ́ fún wa, a ó kó àwọn ìwé ìwọ̀n náà wá. A ó ti fi bébà bo orúkọ àwọn oníbàárà.

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
lórúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ àdúgbò