Máṣíìnì tó ti sùn fún ọdún méjì

Ìbarà, Abẹ́òkúta.

Bàbá Bísí, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà ní Sókótó lọ́hùn-ún? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́.

Inú wa dùn pé o ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, tí o sì fẹ́ bá àwa àgbààgbà gun máṣíìnì dé Ìbàdàn. CG125 rẹ, máṣíìnì Honda tí o kò gùn láti ọdún méjì, ṣì wà níbi tí o gbé e sí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àwọn ọmọ ilé fi ẹsẹ̀ ta á kí o tó dé. Ríìngì písítìnì tó ti gbẹ láti ọdún méjì lè ha ara sìlíńdà. Tú púlọ́ọ̀gì, da ọ́ìlì ẹ́ńjìnì bíi ṣíbí tíì kan sínú ihò rẹ̀, kí ó sun ibẹ̀ mọ́jú. Lówùúrọ̀, láì tíì dá púlọ́ọ̀gì padà, rọra fi ẹsẹ̀ tẹ kíìkì nígbà mẹ́wàá.

Epo inú táńkì ti di ọ̀dà, dà á nù, má pò ó mọ́ tuntun. Síkúrù kékeré kan wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn, tú u kí ìdọ̀tí ibẹ̀ ṣàn jáde. Bí ó bá gbéra tán, tó jẹ́ pé ṣóòkì nìkan ló gbé e dúró, tí o bá dá ṣóòkì padà tó sì kú, jẹ́ẹ̀tì kékeré, ihò tín-ín-rín tí epo ń gbà kọjá nínú kabúrétọ̀, ló dí. Mẹkáníìkì á fẹ́ fi abẹ́rẹ́ gún un. Má gbà fún un! Irin á mú ihò náà fẹ̀, máṣíìnì á di alájẹkì epo, àfi kí o ra jẹ́ẹ̀tì mìíràn. Okùn tín-ín-rín kan péré láti inú wáyà iná, èyí tó jẹ́ bàbà, ló bá a mu, tàbí atẹ́gùn lọ́dọ̀ fọkanáísà.

Ọ́ìlì tó ń gbà nígbà tí a bá ń pààrọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà 0.9, 20W-50. Wo àmì JASO MA lára gálọ̀nù, òun ló ń fi hàn pé ọ́ìlì náà bá kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì mu. Inú ọ́ìlì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì ń gbé, ọ́ìlì mọ́tò mìíràn sì ní èròjà tó ń yọ̀ nínú. Bí ó bá yọ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnì á máa pariwo, máṣíìnì ò ní lọ, òkè Abẹ́òkúta yìí ló sì máa ń tú àṣírí rẹ̀. Ààyè tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà lórí fáàfù ẹ́ńjìnì, jẹ́ mìlímítà 0.08, kí ẹ́ńjìnì tutù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Lára táyà, wá nọ́ńbà mẹ́rin kan: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tó bá ti sán, jù ú nù, ì báà ní eyín.

Ó ku ti ìrìn. Kìlómítà 60 ni eré wa láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò yára ló ń tẹ̀ lé aṣáájú, kí aṣáájú lè máa rí i nínú dígí. Ẹni tó mọ irinṣẹ́ lò jù ló ń kẹ́yìn. Iná iwájú gbogbo wa máa ń wà ní títàn. Bí ẹni iwájú rẹ bá kọjá òpó iná kan, ka ení, èjì, ẹ̀ta kí o tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọdé ń ka èjì. Ẹsẹ̀ wa kì í tètè dé orí bíréèkì mọ́. Kálukú ló ni ẹni ẹ̀yìn rẹ̀. Tí o kò bá rí iná rẹ̀ mọ́, dẹ eré. Ẹni iwájú rẹ náà kò ní rí ọ, yóò dẹ̀ ẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ṣe dé ọ̀dọ̀ aṣáájú láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù.

Aago 9 la ń gbéra. Oòrùn àárọ̀ ń wọ̀ wá lójú láti Ọ̀dẹ̀dá lọ, ti ìrọ̀lẹ́ náà sì ń wọ̀ wá lójú nígbà àbọ̀. Nítorí náà, kí aago 2 tó lù, a ti kúrò ní Ìbàdàn. Gíláàsì àṣíborí tó ti ha kò wúlò lọ́nà yẹn, pàápàá nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40 a ó dúró kí ẹni tó fẹ́ tọ̀ tọ̀, kí orúnkún sì nà. A kì í bi ara wa léèrè. Orúkọ oògùn tí kálukú ń lò àti nọ́ńbà ẹnìkan nílé wà nínú ìwé kékeré, àpò àyà òsì ni gbogbo wa ń fi í sí.

Bá mi ra ìsopọ̀ ṣéènì méjì bọ̀, ìwọ̀n 428 ni. Tí ẹ bá ń fi í sí i, ẹnu kílíìpù rẹ̀ tó là kò gbọdọ̀ kọjú síbi tí ṣéènì ń lọ, yóò já. Kí ṣéènì dẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3.

Bá mi kí Ìyá Bísí.

Èmi ni,
Bàbá Dàpọ̀